Òkúta Igba Lé Mẹ́wàá àti Ojú Kámẹ́rà Láyí

Abà Ọládòṣù,
Nítòsí Lálúpọn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1991.

Láyí ọmọ mi, Àyìnlá,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni àwọn tí ẹ jọ ń gbé? Àwa wà dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó ń mú wa sùn tó sì ń jí wa. Ọlọ́run tí à ń ké pè lórí òkè kò ní jẹ́ kí o ṣìnà ní Èkó, ọwọ́ tí o fi ń ya àwòrán kò ní gbọ̀n, wọn ò sì ní já kámẹ́rà gbà lọ́rùn rẹ. Àmín. Àjọkẹ́ ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ń jẹun. Mo ní o ń jẹun. Ó ní kí n ṣáà bi ọ́.

Nílé níbí, iṣu ti wọlé, ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, Fágbóhùn aládùúgbò wa sì ti rí ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù. Inú ilé ìdáná wa ló bímọ méjì sí, Fágbóhùn wá ń bá mi jà bí ẹni pé èmi ni mo fún ewúrẹ́ lóyún.

Ìwé rẹ dé. Ọdún mẹ́ta ni o ò tíì wálé, ìwé rẹ ni a fi ń rí ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á fún ìyá rẹ. O ní wọn kì í jẹ́ kí onífọ́tò sún mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní pápá, pé nínú àwòrán rẹ, èèyàn ò mọ̀ bóyá ọmọ ènìyàn ló ń sáré ni àbí èèrà, nítorí náà o fẹ́ ra ojú kámẹ́rà gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. O ní méjì lo rí. Ọ̀kan, wọ́n kọ àádọ́rin títí dé igba lé mẹ́wàá sí i lára, tòkunbọ̀ ni, apá rẹ lè ká a. Ìkejì dé ọ̀ọ́dúnrún, tuntun ni, owó rẹ̀ tó owó tí èèyàn fi ń gbéyàwó. O ní kí n gbàdúrà sí i kí o lè mọ èyí tí o máa mú.

Àyìnlá, ọ̀rọ̀ yìí ò gba àdúrà rárá. Ṣé o ti gbàgbé pé ọdún méjìlélógún ni bàbá rẹ fi tún ojú irin rélùwéè ṣe ni? Àwọn òkúta ẹ̀bá ojú irin, tí wọ́n kọ iye kìlómítà láti Ìddó ní Èkó sí, mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi. Òkúta àádọ́rin, inú igbó ló wà, kò tíì dé Abẹ́òkúta. Ọ̀ọ́dúnrún ti kọjá Òṣogbo, kí la fẹ́ wò níbẹ̀, a ò ní ẹbí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igba lé mẹ́wàá! Lálúpọn wa níbí ni, lẹ́yìn igi máńgòrò, ìrìn rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo pariwo débi pé ìyá rẹ rò pé ejò ló bù mí ṣán. Mo ní Láyí ti rí ojú tó máa fi wò wá láti Èkó! Ti igba lé mẹ́wàá yẹn ni kí o rà. Ẹni tó bá ra ọ̀ọ́dúnrún kàn ń fowó ṣòfò ni, á kàn máa wo ará Òṣogbo kiri.

Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni o, la ojú rẹ. Bí Múyì onífọ́tò ṣe máa ń ṣe nígbà náà ni kí o ṣe. Gbé e sí oòrùn, kí o wò ó bóyá nǹkan funfun bí irun ti hù nínú dígí rẹ̀, kí o yí ọrùn rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kí o gbọ́ bóyá yanrìn ń dún níbẹ̀. Iye tí wọ́n bá pè é, san ìdajì, bí wọ́n bá kọ̀, máa lọ, wọ́n á pè ọ́ padà.

Ṣé o rántí Múyì? Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá láti Ìyànà Ọ̀fà ní gbogbo ọdún Àjíǹde, àpótí onígi lẹ́yìn, aṣọ dúdú lọ́rùn. Gbogbo abà á ti wẹ̀ kó tó dé. A ó gbé àga síta, a ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ hàn kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìka wa ò pé. Ìwọ nígbà náà, ọmọ ọdún márùn-ún, o kọ̀ láti jókòó, àfìgbà tí Múyì jẹ́ kí o ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú yẹn. Ni o bá figbe ta! O ní ìyá rẹ ti dorí kodò nínú àpótí, kí wọ́n tètè gbé e dìde. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láyí, ayé yẹn dùn o, ọkàn mi ń fà sí i. Àwòrán ọjọ́ náà ṣì wà lára ògiri, ó ti pọ́n bíi tíì, ṣùgbọ́n o ṣì wà láàárín àwa méjèèjì, ẹkún ṣì wà lójú rẹ.

Nítorí náà, a ò fi àkókò ṣòfò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìwé rẹ, bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì Àpọ́sítélì dé, èmi àti ìyá rẹ gbé àga lọ sí òkúta igba lé mẹ́wàá, a kọjú sí Èkó, a fọwọ́ lé orúnkún láti aago mẹ́rin títí di márùn-ún, torí a ò mọ ìgbà tí o máa wo ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ́sẹ̀ kejì àti ìkẹta. Mo bẹ Fágbóhùn pé kó gé ẹ̀ka igi obì rẹ̀ tó dínà láàárín àwa àti ìwọ, ó kọ̀ jálẹ̀, àfìgbà tí mo ṣèlérí pé òun náà á wà nínú àwòrán. Dàńṣíkí tó fi gbéyàwó ló wọ̀ wá, kò gbà á mọ́, ló bá jókòó láìmí. Àwọn ará ibùdó rélùwéè ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, eyín wọn á hàn dáadáa nínú àwòrán.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, Àjọkẹ́ ní òun ò lọ mọ́. Ó ní bí Láyí bá ń rí wa láti Èkó, ibo làwa á ti máa rí Láyí? Mo ní bóyá ojú náà ní ẹ̀yìn tí àwa náà lè gbà wò ó, pé n ó bi ọ́. Ó wá ní bí ọmọ bá ti lè rí wa láti ibi tó jókòó sí, kí ló tún fẹ́ wá ṣe nílé? Láyí, mi ò rò ó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Ohun tí mi ò fẹ́ kọ sí ọ nìyí, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́. Láti ìgbà ìkórè àgbàdo ni ìyá rẹ ti ń kí ṣẹ́ẹ̀tì mi lórí okùn pé ẹ káàárọ̀ o, bàbá Láyí. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, n ó dúró lẹ́yìn ilé, n ó sì dáhùn. Àṣé kì í ṣe eré. A lọ sí ọsibítù, wọ́n ní awọ funfun ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, pé bó bá yá, àwọn á ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní báyìí, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá lè kàn, kò rí i. Òkúta igba lé mẹ́wàá tí à ń lọ jókòó tì yẹn, kò rí òkúta náà pàápàá. Ikọ́ mi ló fi ń mọ ibi tí mo wà. Àwòrán Múyì, ó máa ń gbé e kan imú ni, kó tó rí ọ.

Nítorí náà, ra ojú gígùn fún iṣẹ́ rẹ, Ọlọ́run á bùkún un. Ṣùgbọ́n ní tiwa, mo yí ìmọ̀ràn mi padà. Ojú kúkúrú tó ti wà lára kámẹ́rà rẹ tẹ́lẹ̀ ni kí o gbé wá, èyí tó jẹ́ pé dandan ni kí èèyàn sún mọ́ni. Wọkọ̀ ní Ọjọ́tà, sọ̀ ní Ìwó Róòdù, kí o wọ ti Lálúpọn. Kérésì ò jìnnà mọ́.

Kí o tó máa bọ̀, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Àga méjèèjì ti kán lẹ́sẹ̀ níbi tí a ti ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Káfíńtà fẹ́ kan tuntun fún wa, mo ní kó kan mẹ́ta. Fi owó kẹrosíìnì kún un, àti ti bátìrì rédíò, torí mo máa ń gbọ́ bọ́ọ̀lù tí o ń yà, bóyá lọ́jọ́ kan wọ́n á dárúkọ rẹ.

Ibi tí ojú rẹ bá ń wò, ẹsẹ̀ rẹ á débẹ̀. O ò ní pàdé agbako lọ́nà. Ọmọ tìrẹ náà á rántí ilé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbáyọ̀mí Ọládòṣù,
Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì.

Ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un. Ó ní bí o bá dé, o ò gbọdọ̀ dúró lókèèrè ya òun o. Kí o gbé kámẹ́rà rẹ, kí o máa bọ̀, kí o ṣáà máa bọ̀. Ibi tí òun bá ti ní òun ti rí ọ, ibẹ̀ ni kí o dúró.