Màmá, Bí Wọ́n Bá Pè Yín ní Títì Ìbàfò

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ìbàfò níbí. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Bísọ́lá àti àwọn ọmọ. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí, nítorí fóònù kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín, awakọ̀ tí mo fi ti ìṣáájú rán kò sì mú èsì bọ̀. Ẹni tó bá rí i, kó jọ̀ọ́ kà á fún ìyá mi kí wọ́n tó wọkọ̀.

Mo gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ wá wò mí tí òjò bá dá. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹ bi mí nígbà kan pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an. Máàpù ni à ń yà. Láti Mowé dé Ìbàfò, títí kan Ifọ̀, à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà létí títì pé ibo ni ọkọ̀ ti ń kọlu ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà, àti ìgbà wo. Lẹ́yìn náà, a ó fi pínnì pupa gún ojú ibẹ̀ lórí máàpù ara ògiri. Ní Ifọ̀, oníkẹ̀kẹ́ tó ń lọ sóko ní ìdájí ló pọ̀ jù. Ìgbà òjò ni ti ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n níwájú ọjà Ìbàfò, ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni. Pínnì ti bo ibẹ̀ débi pé a ò rí orúkọ ìlú kà mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ yóò já yín sí, Màmá. Òdìkejì títì ni ilé mi wà.

Ọ̀gá wa ní òkùnkùn ló fà á. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan Ìyá Súlíyà, tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Lọ́jọ́ náà, òjò ṣú. Súlíyà ti dé àárín títì nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn pé kó wá gba agbòjò. Ọmọ tí a kọ́ ni. Ó yíjú padà, ó dáhùn, ó sì tẹ orúnkún ba. Ibi tó ti ń kúnlẹ̀ ni ọkọ̀ ti bá a.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìbéèrè kan kún tàwọn ọ̀gá: ṣé ẹnìkan pe ẹni náà? Àwọn èèyàn á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Olóbì kan sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun ń sọdá, àna rẹ̀ kí i láti ẹ̀yìn, ló bá yíjú padà, ọkọ̀ sì gbá a.

Ìyá Súlíyà kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ mọ́. Tó bá ń wá mi, á rìn dé ẹ̀gbẹ́ mi, á fà mí láṣọ. Òun nìkan ló ń pè mí ní Àkànní níbí tẹ́lẹ̀, bíi tiyín. Ilé yẹn wá dá páropáro lójú mi, Màmá.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹ̀ẹ̀kan là ń pe ọmọ gidi. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wá síbí: mo ti jókòó sínú ọkọ̀, ẹ pè mí, mo bọ́ sílẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀, gbogbo garéèjì ń yìn yín. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo ń sọdá títì, mo gbọ́ tí ẹnìkan pe Àkànní lẹ́yìn mi. Ohùn yín gẹ́lẹ́ ni. Mo sáré dé etí títì kí n tó wẹ̀yìn. Mi ò rí ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹ jókòó ti àwọn oníbúrẹ́dì tó wà níwájú ọjà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí mi lódìkejì, mi ò ní juwọ́ sí yín, mi ò ní kí yín. Ẹ má sọ pé ìrìn àjò ti ba ọmọ yín jẹ́. Èmi ni n ó sọdá wá bá yín, ìgbà tí mo bá dé ẹ̀gbẹ́ yín ni n ó tó dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí. Mo mọ ara mi, n ó dáhùn. Bí ẹ bá sì gbọ́ ohùn mi tó ń pè yín láti òdìkejì, ẹ má dá a lóhùn. Kì í ṣe èmi.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí kò ní pè yín,
Àkànní.