Bàbá Ìsinmi, Ẹni Tó Sọ Òṣìṣẹ́ Di Àlejò

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, nínú ilé onípáànù kan tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí òkun, ni a bí ọkọ, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀gá wa, tí tẹrú tọmọ mọ̀ sí Bàbá Ìsinmi. Apẹja ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, ọmọ apẹja, ọmọ-ọmọ apẹja. Aránṣọ ni ìyá wọn, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nínú ọmọ márùn-ún tí wọ́n bí, Bàbá nìkan ni òòyì máa ń kọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìyá wọn a máa sọ pé ilé ẹlòmíì ni Ọlọ́run rán ọmọ náà sí, ó kàn ṣìnà ni.

Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1951, wọ́n sì jáde girama ní 1963. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni gbígbé ẹrù àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ní ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ ń ro wọ́n gidigidi, wọ́n fìdí lé àga tìmùtìmù tó wà ní àbáwọlé. Máníjà ní kí wọ́n dìde kíá, pé àga àlejò ni, kì í ṣe ti alágbàárù. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ẹrù tó kàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọra, òun ló sì bí ohun tí a fẹ́ ròyìn yìí.

Ní 1971, wọ́n gbé Màmá wa níyàwó, ẹni tó ń lọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn kan náà. Lẹ́yìn ikú bàbá wọn, tọkọtaya padà sí ilé etí òkun, wọ́n fi yàrá méjì kún un fún àlejò. Títì ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò nígbà náà, àwọn ará ìlú ńlá sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba ìsinmi létí òkun. Àwọn ẹbí ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé ta ni yóò sanwó láti wá wo omi. Bàbá ní ẹni tí kì í rí i lójoojúmọ́ ni. Tíṣà kan àti ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ti ń bèèrè yàrá fún ọdún tó ń bọ̀. Yàrá méjì di ilé kéékèèké ogún, pẹ̀lú ọgbà òdòdó àti bọ́ọ̀sì tó ń lọ kó àlejò ní pápákọ̀ òfurufú.

Ọdún 1986 ni Bàbá dá Ọ̀sẹ̀ Àyípadà sílẹ̀. Ní oṣù keje, tí òjò bá ti lé àlejò lọ, àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn ló ń gba kọ́kọ́rọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bàbá, Màmá àti àwa ọmọ la ń gbé ẹrù, tí à ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí à ń fọ ilé ìwẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹni tó ń tọ́jú òdòdó, tí gbogbo wa ń pè ní Ológbà, wọ kóòtù nínú ooru, ó gbé àpótí òfìfo dání. Ó ní a kì í wọ hòtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó dá tíì padà lẹ́ẹ̀mejì pé kò gbóná tó! Màmá ní díẹ̀ ló kù kí àwọn da èyí tó gbóná sí i lára. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní 1998, olówó kan tí kò tíì fojú kan Bàbá rí, àmọ́ tó fẹ́ bá wọn dòwò pọ̀, kí wọ́n jọ kọ́ ilé alájà mẹ́rin, dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ó sì bọ́ sí Ọ̀sẹ̀ Àyípadà. Ó rí bàbá kan tó wọ épírọ́ọ̀nù, ó ju báàgì sí i lọ́wọ́. Bàbá gbé e dé yàrá kí ó tó mọ ẹni tó rán níṣẹ́. Ojú tì í, ìtìjú yẹn ló sì di ìbínú. Ó ní, “Ẹ fòpin sí eré ọmọdé yìí, mo máa buwọ́ lu ìwé lónìí.” Bàbá kọ̀. Àkọ́bí wa obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìgbàlejò dé láti ilẹ̀ òkèèrè, bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti torí ọ̀sẹ̀ kan ba ọjọ́ ọ̀la wa jẹ́.” Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá níbòmíràn. Ó ń wá kí wọn lóòótọ́, àmọ́ kò jẹ́ wá ní oṣù keje. Ó dun Bàbá wọ eegun. Bí agbára ti ń tán lára wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi Màmá nípa àwọn òṣìṣẹ́: “Tí mi ò bá sí mọ́, ta ni yóò gbé ẹrù wọn?”

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Bàbá. Ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn ni wọ́n ti sin Ọlọ́run fún ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ń wá àga fún ẹni tó pẹ́ dé. Wọ́n ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn onílé ìgbafẹ́, wọ́n sì jà títí tí ìjọba fi gbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mọ odi dí etí òkun mọ́ ará àdúgbò. Àwa ò ní purọ́, wọ́n lágídí. Tí wọ́n bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kí gbogbo ilé lọ sùn ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì Ọ̀sẹ̀ Àyípadà ọdún yìí, 2024, ni Bàbá dákẹ́, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Gbogbo yàrá ló kún fún òṣìṣẹ́. Bí wọ́n ti gbọ́, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n ń sunkún bọ̀ wá sí ilé ìdáná. Àkọ́bí wa ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà, tó gbọ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú pé àìsàn Bàbá ti le, tó sì ti ọkọ̀ òfurufú bọ́ sílẹ̀ wá tààrà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí yàrá yín. Àlejò wa ni yín, ọ̀sẹ̀ yín ò tíì pé.” Ó so épírọ́ọ̀nù Bàbá mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tíì láti ilé dé ilé, omijé ń dà lójú rẹ̀. Kò tíì lọ láti ìgbà náà.

Bàbá fi Màmá wa sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú àbúrò obìnrin kan, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àti òṣìṣẹ́ tí wọn kò fìgbà kankan yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ.

Ẹ sùn un re, Bàbá Ìsinmi. Kí Ẹlẹ́dàá gbà yín lálejò. Ẹrù wọn ti wà lọ́wọ́ wa.