Àwọ̀ Pupa Lára Awọ Àgbò

Ṣakí, ọjọ́ Jímọ̀, oṣù September 1984

Ọ̀rọ̀ awọ àgbò Iléyá yìí kò kúrò lọ́kàn mi.

Láàárọ̀ ni Bàbá tú u, kí wọ́n lè máa kírun lórí rẹ̀. Iyọ̀ tí mo fi ra á kó má bàa jẹrà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pọ́n káàkiri. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀gbin ni, kí n lọ dà á nù.

Mo ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó jọ àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó fẹ́ràn iyọ̀, tí wọ́n kọ́ wa nípa wọn ní yunifásítì. Purotéènì kan wà nínú awọ ara wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, á yíra padà, wọn á rí agbára, á sì tún padà sí bó ṣe wà. Purotéènì mìíràn ló ń darí wọn síbi tí ìmọ́lẹ̀ tó bá wọn lára mu wà.

"Wọ́n wà láàyè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọjú sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kì í ṣe ẹ̀gbin nìyẹn."

Inú mi dùn, mo ṣe bí ẹni tó borí.

Nígbà ìrun Àsárì, mo rí awọ náà nínú oòrùn lágbàlá. Bàbá wà lẹ́yìn rẹ̀, lórí ẹní wọn àtijọ́.

"Bàbá, ẹ ò kírun lórí ẹ̀?"

"Ṣé kí n máa fi orúnkún tẹ̀ wọ́n ni?"

Òjìji Bàbá ti bọ́ sórí awọ náà. Wọ́n wò ó, wọ́n rọra sún ẹní wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìrun.