Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Sí Aago Iná Ilé Ìránṣọ Fẹ́yìsetán

Yàrá Kẹrin, Ilé Kejìlá,
Ẹ̀yìn Bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù Bọ́ládé,
Òṣòdì, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Àyẹ̀wò Ààbò Ibi Iṣẹ́,
Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ AAGO ÌDÁGÌRÌ INÁ TÍ WỌ́N YÀN NÍ ILÉ ÌRÁNṢỌ FẸ́YÌSETÁN, ÀTI BÍ WỌ́N ṢE TORÍ RẸ̀ LÉ ÌYÁ MI LẸ́NU IṢẸ́

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Orúkọ mi ni Rùkáyátù Ọláyanjú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọdún kọkànlá rèé tí ìyá mi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Rùká, ti ń lọ aṣọ ní Ilé Ìránṣọ Fẹ́yìsetán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jakande Estate. Etí rẹ̀ méjèèjì di pátápátá. Kò gbọ́ ààrá, kò gbọ́ èmi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ní Bọ́ládé, wọ́n ń gbọ́ mi ní Ìlasa. Mo gbọ́ pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ẹ ń lọ yẹ aago iná tuntun ibẹ̀ wò kí ẹ tó fún wọn níwèé àṣẹ. Ohun tí wọn ò ní sọ fún yín ni mo fẹ́ sọ.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Alameen, tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, gbé oríṣi mẹ́ta wá kí Madam Olúfọlákẹ́ Fẹ́yìsetán, tó ni ilé iṣẹ́ náà, lè mú ọ̀kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbóòórùn èéfín láti òkè àjà. Èkíní ń dún níwọ̀nba. Èkejì ń dún, ó sì tún ní gúlóòbù pupa tó ń ṣẹ́jú ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta kò ní gúlóòbù kankan, ariwo nìkan ló ní, ṣùgbọ́n ariwo tó lè jí baba ńlá èèyàn nínú sàréè. Ọ̀gbẹ́ni Alameen fúnra rẹ̀ sọ pé, "Madam, ẹ mú eléyìí tó ní gúlóòbù, nítorí Ìyá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn." Madam bi í pé ṣé ilé ijó ni òun fẹ́ ṣí ni.

Bí ẹni tó ń ra gbohùngbohùn fún ìsọjí ni wọ́n ṣe yàn án. Madam rán Felix, tó ń bá wọn gé aṣọ, pé kó lọ dúró lẹ́nu géètì Jakande pẹ̀lú fóònù, kó máa sọ èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí Felix pariwo sí pé, "Ó ti dé o! Ó ń gbọn mí lẹ́sẹ̀!" ni wọ́n rà. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Gbogbo Ìsọlọ̀ ló gbọ́ ọ. Adití nìkan ni kò gbọ́, adití náà sì ni ìyá mi. Ó ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín padà sí àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ló ti di eré. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń dán aago náà wò. Gbogbo wọn á sá jáde, Lará tó ń gán bọ́tìnnì á dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú fóònù, wọ́n á máa wo ìyá mi bó ṣe kọjú sí ògiri tó ń ti áyọ́ọ̀nù lọ, tó ń ti í bọ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá Rùká, iná ti dé ìdí yín o!" Felix á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jinná, a ó fi mu gàrí." Orí fóònù ọ̀rẹ́ mi ni mo ti rí fídíò náà. Ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n yà. Mo ti rẹ́rìn-ín dáadáa kí n tó dá ìró tí ìyá mi ró mọ̀.

Ọ̀gá mi, ó yẹ kí n jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, mo gbé oúnjẹ lọ fún ìyá mi. Madam wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tó fara ti jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú ramúramù. Mo fa ìyá mi jáde, mo padà wọlé, mo tẹ aago. Gbogbo wọn sá jáde. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má lọ pe Madam. Kò sì sẹ́ni tó lọ. Lará gbé fóònù sókè, bí ìṣe rẹ̀. A dúró fún wákàtí kan, tàbí kí n má parọ́ fún ìjọba, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Aago tó dé géètì Jakande kò dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbà tí Madam ṣílẹ̀kùn ló tó gbọ́ ọ. Ó sáré jáde pẹ̀lú ìró tí kò tíì so tán, ó bá gbogbo wa níta tí à ń wò ó. Mo ní, "Madam, ẹ ti jinná." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi èmi.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún ìyá mi ní ìwé pé kó má wá mọ́, nítorí pé aago iná tuntun náà "kò bá ipò ara rẹ̀ mu." Ìyá mi kò mọ̀wé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ka ìwé náà fún un. Kò sí bí mo ṣe lè fi ọwọ́ sọ "ipò ara". Mo kàn fọwọ́ kan etí, mo tọ́ka sí ọ̀nà. Ó bi mí pé ta ló tẹ aago lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní mi ò mọ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, ẹ fi òwú dí etí yín, ẹ dúró níbi tí ìyá mi ń dúró sí, ẹ kọjú sí ògiri, kí wọ́n tẹ aago. Bí ẹ bá mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ sá, ẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá mọ̀, kí Madam lọ gbé aago tó ní gúlóòbù wá, kí ó sì gba ìyá mi padà. Tí wọ́n bá ní àfi kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó tẹ aago, àdírẹ́sì mi wà lókè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èsì yín sí ìyá mi. Èmi náà ni n ó kà á fún un. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó tẹ aago sínú rẹ̀. Mi ò ní fo ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, tí òótọ́ pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀,

Rùkáyátù Ọláyanjú,
Ọmọ Ìyá tó ń lọ aṣọ.