Ilẹ̀ Tó Ń Rìn

Ọmọ mi àtàtà,

Ìyá rẹ kí ọ, ẹ̀gbọ́n rẹ télọ̀ náà kí ọ, àbúrò rẹ sì ń bèèrè fọ́tò. Ara wa le. Orúnkún mi ti fúyẹ́, mo ti padà sídìí bíríkì.

Nígbà tí o kọ́kọ́ kọ̀wé pé kò sẹ́ni tó ń fi ibùdó orí yìnyín ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé lọ́hùn-ún tí o ti ń se oúnjẹ fún àwọn onísáyẹ́ǹsì ṣe ilé, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní àwọn bíríkìlà ibẹ̀ ló ya ọ̀lẹ. Kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ títí wọn á fi kan iyẹ̀pẹ̀! Àṣé yìnyín náà jìn ju kìlómítà méjì lọ, ó sì tún ń rìn. Nǹkan kan ò hù níbẹ̀, oòrùn ń sá lọ fún oṣù mẹ́rin, bàálù ló ń gbé iyọ̀ ọbẹ̀ wá. Ó yé mi wàyí: àlejò ni gbogbo yín, kò sí onílé tí ẹ lè kágò fún.

O ní wọ́n fẹ́ kí o fi ọdún kan kún un. Bó bá wù ọ́, ṣe é. Òtútù ò ní rí ọ gbé ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti fi ìpìlẹ̀ yàrá rẹ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Má kánjú. Ilẹ̀ ibí kì í rìn.

Bàbá rẹ.