Ìyàwó tí Wọ́n Ní Mo Fẹ́ Lé Hàlímọ̀tù Lórí

                                                            Agbo-ilé Fákọ̀yà,
                                                            Ìyànà Ìyẹsí,
                                                            Ọ̀tà,
                                                            Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                            Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹrẹ́nà, 2009.

Sírájúdéènì, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, àna mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Ṣé o ń jí dáadáa? Ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ nígbà ọyẹ́ ń kọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Ìyàwó ń kọ́, ọjà ń kọ́? Àwọn ọmọ ọmọ rẹ tó wà ní Pọ́tònófò ń kọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi Faransé bú ara wọn níwájú rẹ kí o má baà gbọ́? Mo kí gbogbo yín kú ara fẹ́ra kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni Hàlímọ̀tù tó lọ, ìyàwó mi ni. Èmi náà ti ń retí kí ìwọ náà kí mi.

Tóyọ̀sí, ìyàwó Adérógbà ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé bàbá mi kò rán mi ní ilé-ìwé, oko obì ló rán mi. Mo pè ọ́ lórí fóònù títí, o ò gbé e. Mo ti sọ fún Tóyọ̀sí pé ohun tí mo bá wí ni kó kọ, kó má fi ọ̀kankan pamọ́ nítorí ìtìjú.

Ràbíátù, alájàpá àdúgbò wa, jíṣẹ́ rẹ fún mi nígbà tó ti ọjà Pọ́tònófò dé. Ó ní o ní o kò ní í wá síbi àdúà ogójì ọjọ́ Hàlímọ̀tù, pé o kò lè jókòó nínú ilé tí mo ti fẹ́ ìyàwó kékeré lé ẹ̀gbọ́n rẹ lórí nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀. Sírájù, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mi ò bá Ràbíátù bínú. Ohun tó gbọ́ ló sọ, ẹnu Hàlímọ̀tù fúnra rẹ̀ ló sì ti gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ènìyàn, ìwọ kì í sì í ṣe òṣìkà. Ìyàwó náà wà, mi ò ní í purọ́. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé ilé mi.

O rántí oko obì bàbá mi, níbi tí èmi àti ìwọ ti máa ń ṣa obì tó bá já bọ́ kí àwọn àgbà tó jí. Fásitì ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá dúró síbẹ̀, o ò ní í mọ ibi tí igi obì kan wà rí. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, Adérógbà kọ́ yàrá sí ẹ̀yìn ilé mi fún wọn. Omi gbígbóná ni àwọn òbí wọn kọ́kọ́ máa ń béèrè, kí wọ́n tó béèrè ibi tí ọmọ wọn yóò sùn sí. Ó ra hítà sí balùwẹ̀ wọn, ó sì ra ọ̀kan kún un fún tèmi. Mo ní mi ò fẹ́. Mo ní kó gbé irin rẹ̀ kúrò níwájú mi, ó sì gbé e sí yàrá ẹrù.

O mọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ tí Hàlímọ̀tù ti wọlé mi, orí ààrò ló ti ń gbé omi ìwẹ̀ mi kaná. Á jí ṣáájú gbogbo ilé, á dá iná igi, á ru omi lọ sí balùwẹ̀, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á ní, "Bàbá Adérógbà, omi yín ti wà nílẹ̀ o." Bí kò bá tíì pè mí, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ fún mi.

Ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra. O rí díẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí o wá gbẹ̀yìn, tó ń fi orúkọ bàbá yín pè ọ́. Lẹ́yìn tí o lọ ló le. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìkòkò òfìfo kaná, ó jókòó tì í, iná sì mú un ní ìró. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sáré da omi lù ú. Ọwọ́ rẹ̀ bó dé ìgúnpá. Adérógbà ti ilé ìdáná pa lọ́jọ́ yẹn, ó kó gbogbo igi mi dànù. Mo bá a jà. Mo ní ààrò ìyàwó mi ni, kò sẹ́ni tó lè tì í. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, èwo lẹ fẹ́, ṣé ààrò ni àbí ìyá wa?" Mo ní kó lọ gbé irin rẹ̀ jáde ní yàrá ẹrù. Bí hítà ṣe dé ara ògiri mi nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, Hàlímọ̀tù jí láti wá iná dá, ó bá mi tí mo ti wẹ̀ tán, tí ooru ń rú lára mi. Ó ti ọwọ́ bọ omi tó ṣẹ́kù sínú korobá. Ó wojú mi. "Ta ló gbé omi yín kaná?"

Mo mú un lọ wo hítà. Mo ní irin funfun yìí ni. Ó wo òkè rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Igi rẹ̀ dà? Eérú rẹ̀ dà?" Mo fi iná pupa kékeré tó wà nídìí rẹ̀ hàn án. Ó mi orí. Ó ní, "Bàbá Adérógbà, ẹ ti fẹ́ ìyàwó. Ẹ sọ fún mi, mi ò ní í pariwo. Ta ló tún ń gbé omi ọkùnrin kaná bí kò ṣe ìyàwó rẹ̀?"

Ìwọ náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nílé tiwa. Bí ìyàwó titun bá wọlé, omi ìwẹ̀ ọkọ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìyálé máa ń gbé fún un. Ìyá yín náà gbé e fún ìyá kékeré níṣojú wa. Ohun púpọ̀ ti kúrò nínú iyè Hàlímọ̀tù, ìyẹn kò kúrò. Mo búra fún un. Adérógbà ṣàlàyé. Tóyọ̀sí náà ṣàlàyé títí ó fi sunkún. Ó ní kí n má sọ pé òun sunkún, mo ní kó kọ ọ́.

Hàlímọ̀tù bá mi bínú. Kí ó tó pẹ́, inú rẹ̀ rọ̀, o mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, á fi àwo bò ó. Ó ní ìyàwó ń tijú ni kò ṣe jáde. Bí iná pupa bá tàn láàárọ̀, á ní ìyàwó ti dáná. Bí omi bá gbóná tí pupa náà sì kú, á dìde, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi: "Bàbá Adérógbà, ìyàwó ní omi yín ti wà nílẹ̀ o."

Sírájù, mo ti rò pé mi ò tún ní í gbọ́ ìpè yẹn láyé mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jáwọ́ nínú àríyànjiyàn. Ẹni tó bá ní mo tan án jẹ, kó máa wí.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, hítà náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kò sì tàn mọ́. Ìsmáílà púlọ́ḿbà tú u wò. Ohun tó dà jáde nínú rẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀ àkùrọ̀. Ó ní omi tí à ń fà nílẹ̀ níhìn-ín ló jẹ inú rẹ̀ lu, pé ì bá ṣe irin tó ń mú omi gbóná ló kú, òun ì bá pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tánkì tó ti lu kò ní àtúnṣe. Hàlímọ̀tù wo ògiri láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò rí pupa. Ó fọwọ́ kan omi, ó tutù. Ó kọjú sí mi.

"Kí lẹ ṣe fún un? Agídí yín yẹn! Ẹ ti lé ọmọ ọlọ́mọ lọ."

Ó ní òun kò ní í jẹun àfi bí mo bá lọ bẹ̀ ẹ́ wálé. Mo bu ẹ̀kọ lé e lọ́wọ́, ó tì í sẹ́yìn. Ó ní, "Bí mo bá kú, ta ni yóò máa gbé omi yín kaná?" Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ràbíátù yà kí wa, tó bá a lórí ẹkún pé ọkọ òun fẹ́ ìyàwó kékeré. Kò dúró gbọ́ ìdí ẹkún náà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbé kọjá bodè.

Mo wọ agbádá mi, èmi àti Ìsmáílà lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta hítà ní Ṣàngó Toll Gate. Ọmọkùnrin kan gbé ọ̀kan tí kò ní tánkì wá, ó ní bí omi bá ṣe ń kọjá nínú rẹ̀ ni yóò máa gbóná. Ìsmáílà ní ìyẹn ń fẹ́ iná tó lágbára, kì í ṣe iná àdúgbò wa tó ń ṣe bíi ti tanátaná. Ó gbé òmíràn wá, iná búlúù ló ní. Òmíràn, nọ́ńbà ló ń kọ lójú. Mo ní mi ò fẹ́, pupa ni mo fẹ́.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi pupa ṣe? Ṣebí omi gbígbóná lẹ wá rà?"

Mo jáde ní ìsọ̀ rẹ̀. A rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ títí ojú Ìsmáílà fi pọ́n. Ó ní, "Bàbá, ẹ ń yan hítà bí ẹni ń yan ìyàwó." Mo ní, "Kí ni ìwọ rò pé mò ń yàn?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn páálí ní ìsọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan la ti rí i. Inú tánkì rẹ̀ dán bí abọ́ tánganran àtijọ́, kí omi wa má baà tètè jẹ ẹ́. Ìsmáílà fi irin kan hàn mí nínú rẹ̀, ó ní òun ni ìpẹtà yóò máa jẹ, kó má baà kan tánkì. Iná rẹ̀ sì pupa.

Nígbà tí Ìsmáílà kàn án mọ́ ògiri tán, tó tàn, Hàlímọ̀tù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó bu omi gbígbóná àkọ́kọ́ sínú abọ́, ó fi tútù là á kó má baà jó ènìyàn, ó sì dà á sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé ọkọ. Ó ní, "Káàbọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ yóò tu ilé yìí lára." Omi náà ṣàn lọ sábẹ́ bàtà Ìsmáílà. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

Hàlímọ̀tù wá kọjú sí ògiri, ó ní, "Ìyàwó, ọkọ wa lágídí. Bó bá ní omi tútù lòun fẹ́ fi wẹ̀, má gbà fún un. Kò ní í sọ fún ọ pé òtútù ń mú òun. Ó ti rẹ̀ mí. Mo fà á lé ọ lọ́wọ́."

Ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, kò jí ní ìdájí mọ́. Oòrùn á yọ, á ṣì máa sùn, ojú rẹ̀ á sì tutù bíi ti ọmọdé. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí i kó sùn bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ, mi ò fura. Pupa kú, kò wá pè mí, mo ní kí n jẹ́ kó sinmi. Mo lọ wẹ̀. Mo jáde láti sọ fún un pé mo ti wẹ̀, mo fọwọ́ kàn án léjìká. Ara rẹ̀ ti tutù. Ara tèmi ṣì ń rú ooru. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ti wí, ìyẹn ni kò jẹ́ kí o bá a lókè eèpẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí Àlùjánnà.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ń fi hítà náà wẹ̀ lójoojúmọ́, èmi tí mo kọ̀ ọ́. Àárọ̀ mìíràn, omi tútù ni ọkàn mi ń fẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fà mí lé e lọ́wọ́, mi ò lè ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. Màá jókòó sórí àpótí, màá máa wo pupa títí yóò fi kú. Nígbà tó bá kú, màá tún jókòó díẹ̀ sí i, nítorí kò sẹ́ni tó ń pè mí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé. Adérógbà ní kí n kí ọ. Tóyọ̀sí kúnlẹ̀ kí ọ nínú ìwé yìí. Ràbíátù kan náà ni yóò mú un wá fún ọ. Tóyọ̀sí ti kà á sí i létí, kó lè gbé odindi ọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni àdúà náà. Wá kó ku ọ̀la, kí o sùn ní yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá mú ọ lọ wo ìyàwó náà lára ògiri, kí o fi ojú ara rẹ rí i. Mi ò ní í bá ọ jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ. Nígbà tí iná pupa bá kú, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, kí o pè mí pé omi mi ti wà nílẹ̀. Ohùn ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ jọra.

Èmi náà ni, ọkọ Hàlímọ̀tù,
Ìsíákà Fákọ̀yà.