Mọ́tò Kékeré Tí Màmá Mi Kọ̀ Láti Gbàdúrà Sí

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Dọ̀pẹ̀mú níbí, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ń bí mi. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Múfú, ẹ bá mi kí Sílífà àbúrò mi, ẹ sì bá mi kí Bàbá Tíṣà, aládùúgbò wa tó ń ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí. Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fo ìkankan nínú ohun tí mo kọ, kódà bí Bùọ̀dá Múfú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn. Kí ni kí n ṣe, Màmá? Bí mo bá ti pè yín tí mo sì dárúkọ mọ́tò, ẹ ó ní kí n dúró ná, ẹ ó sì gbé fóònù fún Bùọ̀dá Múfú. Ohun tí mo bá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n máa ń sọ fún yín. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa bu iyọ̀ sí i.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Mo ṣì wà ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ọ̀dà ní Orégùn, èmi sì ni ọ̀gá àwọn tó ń po àwọ̀. Ogójì ènìyàn ló ń gbàṣẹ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n òjò ọdún yìí kò mọ ọ̀gá. Láràárọ̀ ni mò ń ká ṣòkòtò sókè, tí mò ń fẹsẹ̀ gún ẹrẹ̀ dé ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá wà. Màá wọ kẹ̀kẹ́ méjì, màá tún fẹsẹ̀ rìn kí n tó dé ẹnubodè ilé iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ mo ní mọ́tò. Mọ́tò mi wà níwájú ilé, mo fi tápólì bò ó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbọ́ ọ báyìí rí. Nígbà tí mọ́tò ńlá àtijọ́ yẹn kú pátápátá, mi ò sunkún rárá. Màmá, mọ́tò yẹn kó ìyàwó, ó kó òkú, ó kó iṣu, ó kó elùbọ́. Kò sí ẹni tí kò gùn ún nínú ẹbí wa. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gùn ún lẹ gbádùn rẹ̀. Èmi tí mò ń wà á, bí ẹni tó ń ti kọ́bọ́ọ̀dù gun òkè ni. Mo sọ fún ara mi pé èyí tó bá kàn, tèmi ni yóò jẹ́. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Bàbá Kúdí, ọkọ mi, ti kú, ọdún kẹrin rèé. Kúdí wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrin, àbúrò rẹ̀ wà ní yunifásítì. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá mẹ́ta, mo sì ṣì ń se ọbẹ̀ púpọ̀ jù. Ta ni mo fẹ́ fi ìjókòó mẹ́jọ gbé láti Dọ̀pẹ̀mú lọ sí Orégùn?

Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, ẹ ti yàn án fún mi. Ẹ ní oníjókòó mẹ́jọ ni kí n rà. Ẹ ní kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, torí kì í tètè dọ̀tí. Bùọ̀dá Múfú ní kí n rí i dájú pé irin wà lórí rẹ̀ tí wọ́n lè so ẹrù mọ́. Mo dáhùn pé mo ti gbọ́, mo sì lọ wá Kàmọ́rù, ọmọ àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún mọ́tò ṣe ní Dọ̀pẹ̀mú níbí, pé kó bá mi dé ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ní Àgídìngbì.

Mọ́tò kékeré àkọ́kọ́ tó wù mí, Kàmọ́rù ki imú bọ inú rẹ̀, ó ní omi ti gbé e rí. Mo gbà. Ìkejì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí, ó mi orí, ó ní ẹ́ńjìnnì náà ti fẹ́ sùn. Mo tún gbà. Ìkẹta ni pupa fòò yìí. Ó fọwọ́ pa á lára, ó ní ó ti gbókìtì rí, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kùn ni. Màmá, ọdún méjìlélógún ni mo ti wà nídìí ọ̀dà. Mo tẹ̀ mọ́ ọn, mo wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ló ṣì wà lára rẹ̀. Mo yí padà sí Kàmọ́rù, mo ní kó wo ojú mi kó tún un sọ. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó ní kí n má bínú, pé ẹ̀yin lẹ pe òun. Ó ní ẹ rán òun létí pé ẹ̀yin lẹ wẹ òun lọ́jọ́ tí wọ́n bí òun, pé bí òun bá jẹ́ kí n ra mọ́tò kékeré, kí òun má fẹsẹ̀ kan ilé yín mọ́.

Màmá! Ẹni tí ẹ wẹ̀ ní jòjòló lẹ wá ń lò láti fi dí ọmọ yín lọ́nà? Inú bí mi débi pé mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, mo ní mo fẹ́ wà á wò. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Jíà ọlọ́wọ́ ni, irú èyí tí Bàbá Kúdí fi kọ́ mi ní mọ́tò. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni, ọ̀nà ṣófo. Mo ki jíà kejì, mo ki ìkẹta, mo yí i níbi tí ọ̀nà ti yà, ó sì yí bí mo ṣe fẹ́ kó yí gẹ́lẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan, nínú mọ́tò, mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà dé, ẹni tó ń tà á bi mí pé Àlàájà, ṣé kò sí wàhálà o. Mo ní kò sí, kó kọ ìwé rẹ̀. Owó mi ni mo fi rà á, mi ò yá ti ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo pè yín. Nílé wa, kò sí ẹni tó ń wa mọ́tò tuntun bí ẹ ò bá tíì gbé ọwọ́ lé e kí ẹ sì gbàdúrà. Ẹ bá mi yọ̀ lórí fóònù, ẹ wá ní kí n má tíì wà á títí ẹ ó fi fún mi ní ọjọ́ tí màá gbé e wá. Èmi sùẹ̀gbẹ̀ yìí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Mo ní kí ẹni tó tà á fún mi wà á wá sílé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, orúnkún ń dùn yín. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ní ìpàdé àsàlátù. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Bùọ̀dá Múfú ló pè, wọ́n ní ẹ sọ pé àdúrà yín kò lè wọ mọ́tò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pé. Ṣé ilẹ̀kùn ni àdúrà ń gbà wọlé ni? Wọ́n tún ní opó tó bá ra mọ́tò pupa, ọkọ ló ń wá. Bí mo bá ń wá ọkọ, ṣé mọ́tò ni màá fi dẹ ẹ́? Láràárọ̀ ni mò ń ṣí tápólì, màá jókòó sínú rẹ̀, màá tan iná sí i kí bátìrì má bàa kú, màá sì tún pa á. Ìyá Bísí tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa bi mí pé ṣé ibẹ̀ ni mo ti ń kírun. Ó tì mí lójú. Ogójì ènìyàn ń gbàṣẹ lẹ́nu mi, èmi kò sì lè gbé mọ́tò mi kúrò nílẹ̀ láìsí àdúrà yín, torí ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí, ohun tí ẹ sì dì mú nìyẹn.

Báyìí ni mo ṣe ń bínú títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí Sílífà pè mí. Ó ní ẹ jọ ń ṣa ẹ̀wà ni, ẹ wá ní kí òun fi àwòrán mọ́tò náà hàn yín. Ó ní ẹ wò ó pẹ́. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ni ẹ̀yin fẹ́ jókòó sí nínú rẹ̀. Ó ní ẹ dá fóònù padà fún òun, ẹ sì ń ṣa ẹ̀wà yín lọ.

Màmá, ìyẹn lẹ ì bá bi mí láti ọjọ́ yìí! Mi ò ní í parọ́ fún yín níwájú gbogbo ayé. Ara mi ni mo rò nígbà tí mo rà á. Ẹni tó bá sì ní ó ti rẹ̀ mí láti máa kó ẹbí kiri, kò purọ́ mọ́ mi. Ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni mo ti ń ro ibi tí ẹ máa ń jókòó sí nínú mọ́tò ńlá yẹn. Bùọ̀dá Múfú ló máa ń jókòó síwájú, torí ẹsẹ̀ wọn gùn. Àwọn ọmọ wà láàárín. Ẹ̀yin wà ní ìparí ẹ̀yìn pátápátá, pẹ̀lú àpò elùbọ́, ẹ ká orúnkún tó ń dùn yín kò. Gbogbo ọdún tí mo fi wà yín, ikọ́ yín nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Mi ò bi yín rí bóyá ó rọ̀ yín lọ́rùn.

Ní Sátidé yìí, mò ń bọ̀. Màá gbé e kúrò nílẹ̀ láìsí àdúrà, ẹ̀rù á sì máa bà mí láti Dọ̀pẹ̀mú títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá dé, ẹ má gbé ọwọ́ lé e láti ìta. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ yín, kí ẹ gbàdúrà náà níbẹ̀ bí mo ṣe ń wà yín lọ. Bí Bùọ̀dá Múfú bá fẹ́ tẹ̀ lé wa, kí wọ́n ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí orúnkún yín, kó jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹni tó ń bínú sí mi àti ẹni tí kò bínú. Ẹ sọ fún wọn pé ìjókòó kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ẹ̀yin lẹ sì ni ín.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràmọ́tà